Aago Mọ́kànlá: Tiwọn Ni àbí Tiwa?

Usta Sawut kò dé ibikíbi lásìkò rí láyé rẹ̀. Ìyẹn ì bá má jọ ẹnikẹ́ni lójú, àfi ti pé iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe jẹun. Ọdún méjìlélógójì ló ti fi jókòó sínú ìsọ̀ kótópó kan ní Yarkand, ìlú kan ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ China, awò kékeré há sí ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ń tú aago àgbẹ̀, ó ń tú ti olùkọ́, ó ń tò wọ́n padà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Usta ni wọ́n ń pe ẹni tó bá di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ wọn, oyè náà sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é síbi ìkómọ ní aago méjì, ẹ má wulẹ̀ dúró dè é. Aago mẹ́rin ni yóò yọ, ìrẹsì ti tán nínú ìkòkò, àwọn àlejò ti ń ta eyín.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Oríṣi aago méjì ló wà nílùú náà. Ìjọba tó wà ní Beijing pàṣẹ pé aago kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ máa lò, ṣùgbọ́n oòrùn Yarkand kì í ka ìwé àṣẹ. Nígbà òtútù, bí aago Beijing bá lu mẹ́jọ, òkùnkùn ṣì ṣú lójú pópó Yarkand, àkùkọ pàápàá ṣì ń sùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn Uyghur, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, fi ní aago ti ara wọn, tó fi wákàtí méjì wà lẹ́yìn ti Beijing. Bí tibẹ̀ bá jẹ́ aago kan ọ̀sán, tibí jẹ́ aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní kí àwọn pàdé ní aago mẹ́ta, ohun tí ẹnìkejì yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Tiwọn ni àbí tiwa?"

Rizwan, ọmọ kan ṣoṣo tí Usta Sawut bí, ló jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Tiwọn ni ilé ìwé ń lò, tiwa ni gbogbo aago ilé bàbá rẹ̀ ń lò. Ojoojúmọ́ ni ọmọdébìnrin náà ń pẹ́ dé ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo lójú fèrèsé pé, "Ọmọ aláago, aago ti lù!" Rizwan kì í sunkún. Ẹ̀rín ló máa ń rín, irú ẹ̀rín tó ń dá ihò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, òsì nìkan. Nígbà tó dàgbà, ó wá ọ̀nà gba ẹ̀san. Bí bàbá rẹ̀ bá ti wọlé, tí wọ́n ti jẹun tán, tí àwo ti gbẹ, yóò dìde, yóò fọwọ́ sáyà bí ẹni tó ń kí àlejò pàtàkì, yóò ní, "Ẹ kú àtètèdé o, bàbá mi." Melikem ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí tí tíì á fi dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ayé yí. Kámẹ́rà hù sórí òpó bí olú. Wọ́n gbé ibùdó àyẹ̀wò sí gbogbo orígun àdúgbò. Èèyàn kò lè lọ ra àlùbọ́sà láì fi káàdì hàn, láì gbé ojú fún ẹ̀rọ wò. Wọ́n lẹ àmì kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọlọ́pàá bá ti fi fóònù wò ó, orúkọ gbogbo ará ilé á yọ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá méjì dé ìsọ̀ Usta Sawut. Aago mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri, wọ́n kà á. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ń parọ́, kó sún wọn síwájú ní wákàtí méjì lójú àwọn. Ó sún wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wákàtí méjìlélọ́gọ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí."

"Ẹ rọra," ni Melikem wí, "ògiri létí."

Alápatà tó wà ní ìkángun òpópónà kò tètè sún aago ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan bi í pé aago mélòó ló lù, ó sì fi tàtijọ́ dá a lóhùn. Alápatà lọ kàwé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: lágbájá lọ kàwé. Ilé ìwé olódi gíga ni, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí odi, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í gba ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi ẹnikẹ́ni pé tiwọn ni àbí tiwa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Rizwan náà lọ kàwé. Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan! Olùkọ́ ni Rizwan fúnra rẹ̀. Èdè Uyghur ló ń kọ́ àwọn ọmọ, títí wọ́n fi ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ kan wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kò sí lẹ́tà, kò sí ohùn. Usta Sawut kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè jù, wọ́n á ní òun náà fẹ́ lọ kàwé.

Ọjọ́rú kan ni fóònù rẹ̀ dún nínú ìsọ̀. Nurbiye ló pè, akọ̀wé ọ́fíìsì àdúgbò. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ọmọ Uyghur bíi tiwọn, Rizwan ló sì kọ́ ọ nílé ìwé.

"Usta, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́la, ní aago mọ́kànlá, kẹ́ ẹ wá sí ọ́fíìsì. Ẹ mú káàdì yín dání. Ẹ máa rí Rizwan lójú fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

"Ta ni?"

"Rizwan, Usta. Olùkọ́ wa." Ohùn ọmọ náà wálẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan ni o. Orúkọ yín ni wọ́n kọ."

Ìbéèrè àtijọ́ dìde láti ikùn Usta Sawut, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì. Kì í ṣe orí fóònù lèèyàn ti ń béèrè irú ẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì ti ìsọ̀ pa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Melikem ń fa ìyẹ̀fun pípò gùn bí okùn fún oúnjẹ alẹ́ nígbà tó wọlé. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Bàbá Rizwan, ṣé kì í ṣe àwàdà lẹ ń ṣe?"

"Ṣé irú èyí la fi ń ṣàwàdà?"

Melikem gbé ìyẹ̀fun náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà á. "Ẹ má sunkún níwájú wọn. Ẹ má bi í léèrè ohun tó ń jẹ, irọ́ ni wọ́n á ní kó pa fún yín. Ẹ ṣáà pa á lẹ́rìn-ín."

"Kí n pa á lẹ́rìn-ín kẹ̀?"

"Ẹ pa á lẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀. Ètè lè parọ́. Ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi kì í parọ́. Tó bá yọ, màá sùn lóru. Tí ò bá yọ, kẹ́ ẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má bò ó."

"Mo gbọ́. Aago mọ́kànlá ló ní kí n wá." Usta Sawut ń fọwọ́ pa orúnkún. "Àmọ́..."

Melikem mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. "Tiwọn ni! Ọ́fíìsì ìjọba ni, àwọn ló làago. Ta ló máa fi tiwa pe èèyàn lórí fóònù, àfi ẹni tórí ẹ̀ ti yí? Ẹ gbọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ tètè dé."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ṣe gba ti ìyàwó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó fá àgbọ̀n, ó wọ kóòtù tó dára jù lọ nínú àpótí, ó la ibùdó àyẹ̀wò mẹ́ta kọjá. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń ro ohun tóun máa sọ tí Rizwan á fi rẹ́rìn-ín. Kò wá a jìnnà. Yóò kàn sọ fún un pé òun tètè dé lónìí ni. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago ara ògiri lu mọ́kànlá. Ó wo aago náà bí ẹni tó ṣẹ́gun ọ̀tá àtayébáyé.

Ọ̀gá Peng, olórí ọ́fíìsì náà, ló jókòó nídìí tábìlì ńlá. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e wá, ìgò tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, àwọn tí kì í pariwo yẹn ló burú jù nínú wọn.

"Bàbá, kí lẹ bá wá?"

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wọ́n ní kí n wá rí ọmọ mi lójú fóònù, ní aago mọ́kànlá."

Ọ̀gá Peng ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ìlà kan. "Aago kan ni. Ta ló ní mọ́kànlá?"

Nurbiye wà nídìí tábìlì kékeré lẹ́bàá fèrèsé. Bíírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n Usta Sawut rí ọrùn rẹ̀, ó rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe fà kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yé e. Aago kan tiwọn, mọ́kànlá tiwa. Ọmọ yìí ń fi èdè ìyá rẹ̀ bá bàbá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ń dùn sí ìròyìn tó fẹ́ jíṣẹ́, ni aago tó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀ bá yọ́ jáde. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹyin sì lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" Ọ̀gá Peng yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Rárá o, ọ̀gá," ni Usta Sawut yára dáhùn. "Aago kan ló sọ. Etí àgbà ni. Kan, mọ́kànlá, wọ́n jọra létí mi."

"Kò le. Gbogbo ìpè ló wà nípamọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara balẹ̀ sílé yín, ẹ lè ní kí ló kàn án. Ọmọ rẹ̀ ni Rizwan, ọmọ ọlọ́mọ ni Nurbiye. Ká ló dákẹ́ ni, wọ́n á gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà, wọ́n á mú un lọ kàwé, òun á sì jókòó de ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ láìjẹ̀bi. Ó rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó rò ó débi tó fi rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Rizwan lójú inú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Kí n kúkú sòótọ́. Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Aago kan ló sọ, aago kan ni mo gbọ́. Orí mi ló yọ wákàtí méjì kúrò nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ di mọ́kànlá, bí a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mọ́kànlá ló kù sí mi lórí, mo bá gbéra."

Ọwọ́ ọ̀gá náà padà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ràn kí èèyàn jẹ́wọ́, ó dùn mọ́ ọn ju tíì lọ. "Ìyẹn ni pé aago kan ṣì wà lórí yín tí kì í ṣe ti ìjọba."

"Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá."

"Ẹ̀yin tí aago gbogbo àdúgbò wà lọ́wọ́ yín!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò kánjú. "Ẹni tórí ẹ̀ ò tíì tọ́, a ò lè fi ọmọ hàn án. Lọ́jọ́ Ajé, níbi tá a ti ń gbé àsíá sókè, ẹ máa ka ẹ̀bi yín sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. A tún lè pè yín tó bá di oṣù mẹ́ta."

"Ọ̀gá, wákàtí méjì péré ló kù. Mo lè jókòó síta. Mo lè dúró pàápàá."

"Ẹ máa lọ sílé, bàbá."

Ó lọ sílé. Kò wo ìhà ibi tí Nurbiye wà nígbà tó ń jáde, nítorí kámẹ́rà wà lókè ilẹ̀kùn.

Melikem ti dúró sẹ́nu géètì, ó ti wé ìborí tuntun bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n pè. Ọkọ rẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò ó lójú.

"Ẹ fi ojú ọmọ mi ra ọmọ ọlọ́mọ padà."

Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ náà, Melikem ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń bu tíì fún un, kò bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra Nurbiye. Inú ló ń bí i, oṣù mẹ́ta tún gùn jù lójú ẹni tó ti ka oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dun Usta Sawut wọ egungun. Ó lè fara da Ọ̀gá Peng, kò lè fara da abọ́ tíì tó ń dé iwájú rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó dúró lábẹ́ àsíá, ó ka ìwé ẹ̀bi rẹ̀. "Aago kan wà lórí mi tí kì í ṣe ti ìjọba. Mo ti yọ ọ́ sọnù." Ẹnì kan wúkọ́ láàárín èrò, ikọ́ tó jọ ẹ̀rín gan-an. Ọ̀gá Peng pàtẹ́wọ́, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n tú ká lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Nurbiye yà sí ìsọ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Usta, aago mi ò ṣe dáadáa."

Usta Sawut há awò sójú, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà. Ó ń ṣiṣẹ́ geere. "Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ẹ ṣáà máa wò ó. Fóònù mi wà ní ọ́fíìsì."

Ó tún tẹrí ba sí i. Lójú kámẹ́rà tó wà lórí òpó lódìkejì, oníbàárà dúró, aláago ń ṣiṣẹ́.

"Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá lọ jẹun," ni Nurbiye wí, ètè rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. "Nígbà tó di aago kan, ìpè yẹn wọlé. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mo gbé e. Usta, mo rí olùkọ́ wa."

Irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Usta Sawut dúró.

"Wọ́n ti rù. Wọ́n ti gé irun wọn. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n ka ohun tí àwọn yẹn ní kí wọ́n kà, pé ara àwọn le, pé àwọn ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wá rí i pé àga ṣófo. Wọ́n ní, 'Bàbá mi ńkọ́?' Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí ò ní kó bá ẹnikẹ́ni. Mo ní, 'Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ. Wákàtí méjì ni wọ́n fi tètè dé.'"

"Kí ló wá sọ?"

"Wọ́n wò mí bí ẹni tí ò gbọ́. Wọ́n ní, 'Bàbá mi? Tètè dé?' Ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu wọn, Usta! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obìnrin yẹn fi fọwọ́ kan èjìká wọn. Síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ sáyà, wọ́n kí àga tó ṣófo yẹn. Wọ́n ní, 'Ẹ kú àtètèdé o, bàbá mi.'"

Usta Sawut kò yọ awò kúrò lójú. Omi ojú ti kún inú awò náà, kò rí aago mọ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ti òsì," ni Nurbiye wí. "Ó yọ, ó jìn bó ṣe máa ń jìn tá a bá ṣi ìwé kà ní kíláàsì." Ó wo òpó tó wà níta. "Ẹnu mi ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹ dárí jì mí, Usta."

"Aago ẹ ti dáa, ọmọ mi." Ó dé ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó nù ún, ó fi lé e lọ́wọ́. "Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó fóònù tirẹ̀ àti ti Melikem, ó tì wọ́n bọ abẹ́ ìrọ̀rí ní yàrá kejì. Melikem ń wò ó. Usta Sawut wá jókòó tì í lórí pèpéle, ó ní Rizwan rẹ́rìn-ín. Ó rò ó fún un bí Nurbiye ṣe rò ó, kò fi irun gígé pamọ́, kò fi pé ó ti rù pamọ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo?" ni Melikem bi í. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn.

"Ti òsì."

Melikem fi ìborí bojú. Ó sunkún dáadáa, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fi etí ìborí náà nu ojú. Ó bu tíì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ kú àtètèdé, bàbá Rizwan," ó ní. "Aago mélòó ló rẹ́rìn-ín?"

"Aago mọ́kànlá."

Melikem wo ilẹ̀kùn tí àmì ìjọba wà lára rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Ó wá béèrè rẹ̀ sókè, ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́ ní Yarkand láti ọjọ́ tí alápatà ti lọ kàwé.

"Tiwọn ni àbí tiwa?"

"Tiwa," ni Usta Sawut wí.